Òǹtẹ̀ Dà? Láti Àpò Ìwé Ọdún 1855 Dé ₦50 Orí Fóònù Wa

Bí ẹ bá fi ₦10,000 ránṣẹ́ lónìí sí ẹni tó ń ta aṣọ lọ́jà Ìkòtún, báǹkì yín á yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀, á sì tún yọ ₦50 lọ́tọ̀. Ẹ wo àlẹ́ẹ̀tì yẹn dáadáa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, orúkọ tí ₦50 yìí ń jẹ́ ni "stamp duty", ìyẹn owó sítáǹbù. Ìbéèrè mi kò gùn rárá: sítáǹbù ọ̀hún dà?

Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbé Alímọ̀ṣọ́, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgàndò, kò fi ahọ́n lá sítáǹbù rí láyé yín. Àfàìmọ̀ kí lẹ́tà tí ẹ fọwọ́ kọ kẹ́yìn má jẹ́ èyí tí tíṣà ní kí ẹ kọ nílé ìwé girama, tí ẹ kọ àdírẹ́sì méjì sí i lórí, tí lẹ́tà náà kò sì lọ ibì kankan. Síbẹ̀, owó sítáǹbù ń jáde nínú àkáǹtì yín. Sítáǹbù ti kúrò nílẹ̀, owó rẹ̀ ò kúrò.

Ká tó lè mọ ohun tó sọnù mọ́ wa lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, sí ìgbà tí ìjọba kan máa ń gba owó sítáǹbù, tí yóò sì fi òǹtẹ̀ lu ohun tó torí rẹ̀ gbowó, kí ẹni tó sanwó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ìtàn àpò ìwé ni, ohun tí gbogbo wa mọ̀ sí ẹ́ńfílóòpù. Ó dà bí ìtàn kékeré, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó wa ló wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ló ń sanwó

Kó tó di ọdún 1840, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ló sábà máa ń sanwó rẹ̀. Bí ọ̀nà ṣe jìn tó àti iye bébà tó wà nínú lẹ́tà ni wọ́n fi ń ṣírò iye tó máa san. Bí ẹ bá wá fi bébà kejì wé lẹ́tà náà, bébà méjì ni wọ́n máa kà á sí, owó á sì di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyẹn tí àpò ìwé kò fi wọ́pọ̀ nígbà náà. Wọ́n á kàn ká lẹ́tà pọ̀, wọ́n á fi ìda lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n á kọ àdírẹ́sì sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó parí.

Àwọn èèyàn gbọ́n ju ètò náà lọ. Ọmọ tó lọ sílùú òkèèrè lè kọ àmì kan sí ẹ̀yìn lẹ́tà. Ìyá rẹ̀ á wo àmì yẹn, á mọ̀ pé ara ọmọ òun le, á dá lẹ́tà náà padà fún ẹni tó gbé e wá, kò ní san kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe "flash" lórí fóònù, tí ẹ máa pè lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ máa gé e kí ẹni náà tó gbé e, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Rowland Hill, ẹni tó ti ṣe olùkọ́ rí, kọ ìwé pélébé kan jáde ní 1837. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí owó lẹ́tà jẹ́ iye kan náà níbi gbogbo nínú ìlú, kí wọ́n fi ìwọ̀n ṣírò rẹ̀ dípò iye bébà, kí ẹni tó kọ lẹ́tà sì sanwó ṣáájú. Ẹni tó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀. Ọjọ́ 10, oṣù Kìíní, 1840 ni owó pẹ́nì kan bẹ̀rẹ̀ káàkiri ìlú náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà ni wọ́n gbé ohun tí wọ́n máa fi hàn pé ẹnì kan ti sanwó jáde.

Ohun méjì ni wọ́n gbé jáde. Èkíní ni bébà kékeré tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, tó ní orí Ọbabìnrin Victoria níwájú. Òun ni ayé mọ̀ sí Penny Black. Èkejì ni àpò ìwé àti bébà lẹ́tà tí wọ́n ti tẹ àmì owó sí lára kó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á. William Mulready ló ya àwòrán orí rẹ̀. Èkejì yìí gan-an ni Hill rò pé aráàlú máa fẹ́ jù. Ó ṣe tán, kí lèèyàn fẹ́ fi gọ́ọ̀mù ṣe nígbà tí òǹtẹ̀ ti wà lára àpò?

Ó yà á lẹ́nu. Àwọn aráàlú fi àwòrán Mulready ṣẹ̀sín débi pé àwọn ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ̀dà ìyẹ̀yẹ́ rẹ̀ tà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Hill fi mọ̀ pé àfi kí òun wá nǹkan mìíràn fi rọ́pò rẹ̀. Ní 1841, wọ́n mú àpò ìwé tuntun jáde, èyí tí orí ọbabìnrin yọ sókè lára rẹ̀ bí ohun tí wọ́n gbẹ́. Ìyẹn kò ní àwòrán rẹpẹtẹ, òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ló ní. Àwọn èèyàn gbà á.

Gbé àpò ìwé tìrẹ wá

Ọdún 1855 ni ìlànà tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí wọlé. Kó tó dìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ àpò ìwé olóǹtẹ̀, ti ìjọba ló gbọ́dọ̀ rà. Láti 1855, ìjọba gbà kí ẹnikẹ́ni gbé bébà tàbí àpò ìwé tirẹ̀ wá sí ọ́fíìsì sítáǹbù ní Somerset House, létí odò Thames ní London. Èèyàn á san iye tí sítáǹbù náà tó, á san owó iṣẹ́ díẹ̀ lé e, àwọn òṣìṣẹ́ á sì lu òǹtẹ̀ sára àpò ìwé rẹ̀. Bí owó ìfìwéránṣẹ́ bá ju iye orí òǹtẹ̀ kan lọ, wọ́n lè lu òǹtẹ̀ méjì sára àpò kan náà kí iye náà lè pé.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fẹ́ràn ètò yìí. Smith, Elder & Co., ilé-iṣẹ́ tó tẹ ìwé Jane Eyre jáde ní 1847, wà lára àwọn tí orúkọ wọn yí òǹtẹ̀ ọbabìnrin ká bí òrùka. Ẹ rò ó wò ná: orí ọbabìnrin láàárín, orúkọ oníṣòwò yí i ká. Ìpolówó ọjà ti wà kí Instagram tó dé.

Ẹ má gbàgbé ọ́fíìsì tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe ilé ìfìwéránṣẹ́. Àwọn agbowó-orí ni, àwọn kan náà tó ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé ilẹ̀ àti ìwé àdéhùn. Láti 1694 ni owó sítáǹbù lórí ìwé òfin ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1712 ni wọ́n ti ń gbà á lórí ìwé ìròyìn náà: òǹtẹ̀ máa ń wà lórí bébà òfìfo kí wọ́n tó tẹ ìròyìn sí i. Ọdún 1855 yìí kan náà ni wọ́n yọ ọ̀ranyàn yẹn kúrò lọ́rùn àwọn oníwèé ìròyìn. Nítorí náà, owó sítáǹbù àti sítáǹbù lẹ́tà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ṣì máa padà sórí rẹ̀.

Kí ni mo rí nínú ìlànà 1855 yìí tí mo fi ń pariwo rẹ̀? Ohun mẹ́rin ni.

Àkọ́kọ́, ẹni tó ń sanwó mọ iye tó ń san kó tó san án. Iye náà wà lórí òǹtẹ̀ gan-an.

Ìkejì, ìjọba kò lè gba owó náà láìfi àmì sílẹ̀. Bí wọn ò bá lu òǹtẹ̀, àpò yẹn kò yàtọ̀ sí bébà lásán, ẹni tó ni ín á sì rí i lójú ẹsẹ̀.

Ìkẹta, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹtẹ̀ yẹn ló ní ọjọ́ nínú. Bí àríyànjiyàn bá dé, àpò ìwé fúnra rẹ̀ lè jẹ́rìí sí ìgbà tí wọ́n lù ú.

Ìkẹrin, bí ìwé olóǹtẹ̀ bá bàjẹ́ kí ẹ tó lò ó, òfin sítáǹbù fún yín láàyè láti gbé e padà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì dá iye òǹtẹ̀ náà padà fún yín. Kò sí pé owó ti wọlé, ó tán nìyẹn.

Mi ò sọ pé àsìkò náà dára fún gbogbo èèyàn o. Ẹni tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpò ìwé láti fi ránṣẹ́ ni ètò gbígbé ẹrù lọ sí Somerset House wúlò fún jù. Ìyá tó fẹ́ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí ọmọ rẹ̀ á ra sítáǹbù pẹ́nì kan, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n pẹ́nì kan ni pẹ́nì kan. Òǹtẹ̀ olówó kò níyì lójú òfin ju sítáǹbù ìyá yẹn lọ.

Nǹkan kan tún wà. Ní 1765, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ti gbìyànjú láti fi owó sítáǹbù lé àwọn ará Amẹ́ríkà lórí. Bébà tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí ní London ni wọ́n ní kí wọ́n máa rà fún ìwé òfin àti ìwé ìròyìn. Àwọn ará Amẹ́ríkà yarí, wọ́n ní àwọn ò ní aṣojú kankan nílé ìgbìmọ̀ tó ṣòfin náà. Nígbà tó fi máa di 1766, wọ́n ti fagi lé e. Kì í ṣe pé owó náà pọ̀ jù nìkan ló bí wọn nínú. Ohun tí wọ́n ń bi ìjọba ni pé: ta ló fún yín láṣẹ, kí sì lẹ fẹ́ fi owó náà ṣe?

Bó ṣe dé Èkó

Kí òyìnbó tó dé, Yorùbá ní ọ̀nà tirẹ̀ láti fi iṣẹ́ ránṣẹ́. A ní àrokò. Bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí yín, "ẹfà" ni, ó ń sọ pé ọkàn òun fà sí yín. Bí ọba bá rán ìránṣẹ́ níṣẹ́, ọ̀pá àṣẹ tó mú lọ́wọ́ ló ń jẹ́rìí fún un pé ààfin ló ti wá. A mọ̀ tipẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó bá ti ọ̀dọ̀ aláṣẹ wá gbọ́dọ̀ ní àmì tí gbogbo ojú lè rí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ títí dòní pé ẹnì kan "bu òǹtẹ̀ lu" ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹjọ, 1861, ètò ìfìwéránṣẹ́ wọn náà ń gbilẹ̀ síbí. Oṣù Kẹfà ọdún 1874 ni Èkó ní sítáǹbù tó jẹ́ tirẹ̀. De La Rue ní London ló tẹ̀ ẹ́. Orí Victoria ló wà lórí rẹ̀, ọbabìnrin tí kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà títí ó fi kú. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kìíní, 1879, Èkó wọnú ẹgbẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé pẹ̀lú àwọn ilẹ̀ mìíràn tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kí ọ̀rúndún yẹn tó parí, ará Èkó ti lè ra káàdì tí wọ́n ti tẹ sítáǹbù sí lára, kó kọ ọ̀rọ̀ sí i, kó jù ú sínú àpótí. Sítáǹbù tí wọ́n kọ orúkọ Nigeria sí kò dé àfi ní 1914.

Èyí tí àwọn òbí wa mọ̀ dáadáa ni aerogramme, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ búlúù tó ń bá ọkọ̀ òfuurufú lọ. Wọ́n ti tẹ sítáǹbù sí i lára. Ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ yín sínú, ẹ máa ká a pọ̀, ẹ máa fi itọ́ lẹ etí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á di àpò ìwé. Òfin kan ló ní: ẹ ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan sínú rẹ̀. Fọ́tò ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, owó ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ bi àwọn bàbá àti ìyá yín ní Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìdímù tí wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ní London tàbí Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un. Ó ṣeé ṣe kó ku ọ̀kan nínú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, ewé á dọṣẹ. Bọ́rọ̀ òǹtẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ mọ́ àpò ìwé ṣe rí nìyẹn. Ẹ ò lè ṣí i kúrò bíi sítáǹbù tó ní gọ́ọ̀mù. Owó àti ìwé ti di ọ̀kan. Ẹni tó bá mú ìwé náà dání, ó mú rìsíìtì dání.

Ibi tí òǹtẹ̀ ti sọnù

Ẹ rántí pé mo ní owó sítáǹbù àti sítáǹbù lẹ́tà, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ní 1939, ìjọba amúnisìn ṣe òfin owó sítáǹbù fún Nàìjíríà. Òfin yẹn sọ ọ́ kedere pé sítáǹbù lè jẹ́ èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìwé, ó sì lè jẹ́ òǹtẹ̀ tí wọ́n fi irin lù sára ìwé. Ó tún ní àyè fún dídá owó padà bí ìwé olóǹtẹ̀ bá bàjẹ́. Ẹ̀mí Somerset House ló wà nínú rẹ̀. A gba òmìnira, a yí orúkọ rẹ̀ padà láti "Ordinance" sí "Act", a ń lò ó lọ.

Nígbà tó di oṣù Kìíní 2016, báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, ní kí àwọn báǹkì máa yọ ₦50 lórí owó tó bá wọlé sí àkáǹtì, láti ₦1,000 lọ sókè. Ọ̀rọ̀ owó yìí ti wà nílé ẹjọ́ tẹ́lẹ̀ láàárín àwọn báǹkì àti ilé-iṣẹ́ Kasmal, tó ní òun ń ṣojú NIPOST. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a pé òfin 1939 kò fàṣẹ sí gbígba ₦50 lórí tiransífà àti owó tí èèyàn san sí báǹkì. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kàwé òfin, ẹjọ́ yìí dùn mọ́ mi, torí ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ìjọba kò lè gba owó tí òfin kò dárúkọ.

Kí ni ìjọba ṣe? Ó yí òfin padà. Òfin ìnáwó tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2020 fi ọ̀rọ̀ orí ẹ̀rọ kún ohun tí sítáǹbù lè wà lórí rẹ̀, ó sì gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ lọ sí ₦10,000. Kí ọdún náà tó parí, NIPOST àti àjọ agbowó-orí FIRS ti ń bá ara wọn fà á ní gbangba: ta ló ní ẹ̀tọ́ láti tẹ sítáǹbù, ta ló ní ẹ̀tọ́ láti gba owó rẹ̀? Láti 2021, wọ́n yí orúkọ ₦50 padà sí EMTL, owó orí tiransífà. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, 2025, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin owó orí tuntun. Nígbà tí òfin yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1, oṣù Kìíní, 2026, ₦50 padà sí orúkọ rẹ̀ àtijọ́, owó sítáǹbù, ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ ló sì ń san án báyìí, kì í ṣe ẹni tó gbà á mọ́.

Ẹ wo bí ayé ṣe ń yí. Hill jà ní 1840 kí ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ máa sanwó dípò ẹni tó gbà á. Nǹkan bí ọdún 186 lẹ́yìn náà, ₦50 tiwa náà gba ọ̀nà yẹn. Ṣùgbọ́n ìdajì nínú ẹ̀kọ́ Hill la mú. A mú ti sísan owó ṣáájú, a fi ti òǹtẹ̀ tó hàn sójú sílẹ̀.

"₦50 kò pọ̀"

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní ₦50 kò ra pure water méjì dáadáa mọ́, kí lò ń pariwo sí? Ó dáa. Gẹ́gẹ́ bí ìkànìyàn 2006, a ju mílíọ̀nù kan lọ ní Alímọ̀ṣọ́ nìkan, látìgbà yẹn a sì ti pọ̀ sí i. Ẹ wo àwọn oní-POS tó tò láti Ìkòtún dé Ìshẹ́rì, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Akówonjo. Ẹ wo ọlọ́jà tó ń ra ọjà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ pẹ̀lú tiransífà. Pẹ́nì kan náà kéré ní 1840, òun ló sì gbé ètò ìfìwéránṣẹ́ odidi orílẹ̀-èdè ró.

Àwọn mìíràn á ní àlẹ́ẹ̀tì tó wọlé sórí fóònù yẹn gan-an ni òǹtẹ̀. Èyí lọ́gbọ́n nínú díẹ̀, mi ò jẹ́ fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n báǹkì ló kọ àlẹ́ẹ̀tì, ìjọba kọ́. Òǹtẹ̀ Somerset House, aláṣẹ tó gba owó ló lù ú, òun ló sì máa jẹ́jọ́ bí ó bá jẹ́ irọ́. Bí tiransífà bá fò padà lónìí, ṣé ₦50 ń bá a padà? Bí kò bá bá a padà, ta lẹ máa bá sọ ọ́: báǹkì ni, àbí àjọ agbowó-orí? Ẹni tó ba àpò ìwé olóǹtẹ̀ rẹ̀ jẹ́ láyé Victoria mọ ọ́fíìsì tó máa gbé e lọ. Èmi ò mọ iye èèyàn ní Ìgàndò tó lè dárúkọ ọ́fíìsì tiwa.

Ọ̀rọ̀ ibi tí owó náà ń lọ tún wà níbẹ̀. Nígbà tó ń jẹ́ EMTL, bí wọ́n ṣe ń pín in lóṣooṣù ni pé ìjọba àpapọ̀ ń mú ìdá 15 nínú 100, àwọn ìpínlẹ̀ ń mú 50, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ń mú 35. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ìdá 35 fún ìjọba ìbílẹ̀, àwọn tó sún mọ́ wa jù lọ, àwọn tó ni gọ́tà àti títì àdúgbò. Ìgbà wo ni ẹ rí ìwé kan ní sẹkitéríàtì Alímọ̀ṣọ́ tàbí ní LCDA Ìkòtún-Ìgàndò tó sọ pé, "Owó tiransífà yín tó wọlé lóṣù yìí rèé, ohun tí a fi ṣe rèé"? Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni òǹtẹ̀ tí mò ń wá.

Ohun tó yẹ ká béèrè, àti èyí tó yẹ ká ṣe

Ohun mẹ́ta ni mo rò pé a lè béèrè, kò sì sí èyí tó le níbẹ̀.

Kí gbogbo ₦50 tí wọ́n bá yọ ní nọ́ńbà tirẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àjọ agbowó-orí, tí èèyàn lè tẹ̀ sórí ẹ̀rọ wọn kó rí i pé owó náà dé ọ̀dọ̀ ìjọba lóòótọ́. Òǹtẹ̀ orí ẹ̀rọ nìyẹn. Wọn ò nílò irin, wọn ò nílò bébà.

Kí dídá ₦50 padà jẹ́ ọ̀ranyàn, láìjẹ́ pé oníbàárà bẹ̀bẹ̀, nígbàkígbà tí tiransífà kò bá lọ. Ẹ̀tọ́ tí ẹni tó ba àpò ìwé jẹ́ ní láyé Victoria kò gbọdọ̀ ju tiwa lọ.

Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ iye tó kàn án mọ́ ara ògiri àti sórí ìkànnì rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi Twitter yọ olóṣèlú lẹ́nu, iṣẹ́ dé o. Ẹ kọ ọ́ sí àwọn kánsẹ́lọ̀ yín. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ.

Èyí tó kù jẹ́ tiwa fúnra wa. Bí òǹtẹ̀ ṣe sọnù lára ₦50, bẹ́ẹ̀ náà la jẹ́ kó sọnù lára ìwé tó nílò rẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń dá àjọ báyìí láti ra ìdajì plọ́ọ̀tì sí Ayọ̀bọ́, Ìjẹ̀gùn tàbí ẹ̀yìn Ìgàndò. Wọ́n á san owó fún ẹbí onílẹ̀, wọ́n á gba rìsíìtì, wọ́n á gba deed of assignment, ìyẹn ìwé tó sọ pé ẹni tó ta ilẹ̀ ti gbé e lé wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ká ìwé náà sínú náílọ́ọ̀nù, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ aṣọ. Wọn ò ní gbé e lọ gba òǹtẹ̀ láé.

Lábẹ́ òfin 1939, ìwé tó yẹ kó ní òǹtẹ̀ tí kò ní, ilé ẹjọ́ kò ní gbà á wọlé bí ẹ̀rí nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ san owó rẹ̀ àti owó ìtanràn. Òfin tuntun kò yọ ìwé ilẹ̀ kúrò lábẹ́ owó sítáǹbù. Tó bá jẹ́ pé ẹni méjì tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ló ṣe àdéhùn náà, ọ̀dọ̀ àjọ agbowó-orí ìpínlẹ̀ Èkó, LIRS, lẹ máa lọ. Tí ilé-iṣẹ́ bá wà nínú rẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Mo tún gbọ́dọ̀ sọ èyí: òǹtẹ̀ kò lè sọ ilẹ̀ ẹlòmíì di tiyín. Kì í wẹ irọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹnì kejì bá yọ pẹ̀lú ìwé tirẹ̀ lórí ilẹ̀ kan náà, ẹ ò ní fẹ́ kó jẹ́ pé ìwé tiyín ni adájọ́ á kọ́kọ́ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, tí ẹ bá ń bínú lórí ₦50, ẹ máa bínú lọ, ìbínú náà tọ́. Àmọ́ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ fa ìwé ilẹ̀ yẹn yọ nínú náílọ́ọ̀nù. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ ò bá rí òǹtẹ̀ níbẹ̀, ẹ mọ ibi tí ẹ máa gbé e gbà.